Ṣé Àìsàn Kan Wà Nílé Yín?

Ẹ̀rù tó ń ba ọkùnrin tí kò gbọdọ̀ bẹ̀rù, ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Ẹni tí olè wọlé tọ̀ yóò pariwo, aládùúgbò á gbọ́. Ẹni tí ejò lé yóò sá. Ṣùgbọ́n kí èèyàn dúró lórí àkàbà lọ́sàn-án gangan, kí olè má sí níbẹ̀, kí ejò má sí níbẹ̀, kí àyà rẹ̀ sì máa lù kìkìkì bí ẹni pé ikú ti dì mọ́ ọn lẹ́yìn, ta ni yóò pariwo fún?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn fún ọ̀dọ́mọkùnrin akunlé kan, ní ọjọ́ kẹta tó ń kun ilé búrẹ́dì kan. Ògiri ti gba ọ̀dà aláwọ̀ ewé tán, ó ku ìlà funfun kan tí yóò gba òkè rẹ̀ kọjá láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ààrò. Ìlà yẹn ló ń fà lọ́wọ́ tí ẹ̀rù fi dé. Ìka rẹ̀ gan, apá rẹ̀ wúwo, èémí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Búrọ́ọ̀ṣì yẹ̀ díẹ̀, ìlà wọ́. Akunlé di àkàbà mú gírígírí, kò lè gòkè, kò lè sọ̀ kalẹ̀.

"Bọ̀dá Akunlé, ṣé ẹ ti sùn sókè níbẹ̀ ni?"

Ọmọ onílé búrẹ́dì ló ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Àbíkẹ́yìn ni gbogbo ilé ń pè é, torí òun ni àbígbẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Òun ló máa ń gé ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò sínú páànù, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́.

"Mo ń wò ó bóyá ìlà yìí tọ́ ni," ni akunlé fèsì. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ.

"Kò tọ́. Ó wọ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí."

Akunlé fi ọwọ́ kan yọ fóònù nínú àpò, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́: "Ó dé." Kò tó ìṣẹ́jú kan tí èsì fi wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan tó ń jẹ́ Sùúrù: "Mo jókòó. Kí lo ń rí?"

"Ògiri," ni akunlé tẹ̀. "Ìṣó kan."

"Ìṣó yẹn, ṣé ó ti dógùn-ún?"

Ó wo ìṣó náà dáadáa. Ó ti dógùn-ún lórí, ìdí rẹ̀ ṣì ń dán. Ó sọ bẹ́ẹ̀. Sùúrù tún bi í léèrè ohun mìíràn, òmíràn sì tún tẹ̀ lé e, títí dé orí aláǹtakùn kékeré kan tó ń rìn lọ ní tirẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni èémí rẹ̀ padà wálé. Ó tẹ̀ ẹ́ pé, "Ó ti lọ," ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Àbíkẹ́yìn ti ká ọwọ́ mọ́ àyà dè é. "Olólùfẹ́ yín ló ń bá yín sọ̀rọ̀, àbí? Mo rí i bí ojú yín ṣe rọ̀."

"Kì í ṣe olólùfẹ́ kankan. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ni."

Irọ́ kékeré ni, irú èyí tí èèyàn ń pa kó lè ráyè kúrò níwájú ìtìjú. Àbíkẹ́yìn bu búrẹ́dì gbígbóná fún un, ó ní kó jẹ ẹ́ kó má bàa dákú lé àwọn lórí. Akunlé jẹ ẹ́ tán, ó sì mọ̀ pé wàhálà tuntun ti bá òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí Sùúrù ti wá. Ní ọdún kan ṣáájú, akunlé yìí ṣubú níbi iṣẹ́, wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, gbogbo wọn rò pé ọkàn rẹ̀ ló fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọkàn rẹ̀ le koko. Ó ní àìsàn ìpayà ni, pé ó wọ́pọ̀, pé ó sì ní ìtọ́jú. Akunlé gba oògùn, ó jù ú sínú àpótí. Ojú ń tì í. Ṣé òun tó ń gun ilé alájà mẹ́rin ni yóò wá jókòó síwájú èèyàn, tí yóò ní ẹ̀rù ń ba òun, tí kò sì mọ ohun tó ń bà á?

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ orúkọ ẹgbẹ́ kan sórí bébà fún un: Jókòó Tì Mí. Orí fóònù ni ẹgbẹ́ náà wà. Kò sẹ́ni tó ń lo orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí ẹnìkejì ń gbé. Òfin wọn kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fọkàn balẹ̀, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá lè balẹ̀ kò ní ké sí wọn. Ẹni tó bá sì ti dáhùn pé òun jókòó, kò gbọdọ̀ dìde títí ẹni tí ẹ̀rù ń bà yóò fi sọ pé ó ti lọ.

Ọjọ́ tí akunlé kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, ó kà á pé awakọ̀ kan máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà di ìjókòó mú, pé tíṣà kan máa ń kọ̀wé sójú pátákó kí àwọn ọmọ má bàa rí ojú rẹ̀. Ó kà á, ó kà á, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti rò pé òun nìkan ni. Sùúrù ló lé e padà sọ́dọ̀ dókítà. "Àwa kì í ṣe dókítà," ni Sùúrù wí. "Àwa kàn ń jókòó ni. Lọ lo oògùn rẹ." Ó lò ó. Ẹ̀rù tó ń wá lójoojúmọ́ di ti ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, ó tún dín kù sí i. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti àwọn ẹlòmíràn. Àkàbà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Iṣẹ́ ilé búrẹ́dì parí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ akunlé kò kúrò níbẹ̀. Lónìí yóò ní òun gbàgbé búrọ́ọ̀ṣì, lọ́la yóò ní òun wá wò ó bóyá ọ̀dà ti gbẹ.

"Ọ̀dà wo ni kì í gbẹ fún oṣù méjì?" ni Àbíkẹ́yìn bi í lọ́jọ́ kan. "Bí o bá ní ohun tí o fẹ́ sọ, sọ ọ́ kí n lè ráyè ṣiṣẹ́ mi."

Ó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ́ nílẹ̀ bí i ti ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo, Àbíkẹ́yìn fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ pé rárá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé búrẹ́dì bí oòrùn bá ti rọ̀.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni ọmọbìnrin náà ti sọ ọ̀rọ̀ ilé wọn fún un. "Ọkọ Ẹ̀gbọ́n mi, èèyàn gidi ni. Àìsàn ọpọlọ ti wà lára rẹ̀ kó tó fẹ́ ẹ. Àwọn ẹbí rẹ̀ mọ̀, wọ́n dákẹ́. Nígbà tí àìsàn náà gbérí, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí a lè ṣe. Ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ò rí i mọ́ títí dòní. Ó fi Ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì. Bàbá ti búra pé ẹni tí ara rẹ̀ kò dá ṣáṣá kò tún ní fẹ́ ọmọ òun."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ò búra nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n sọ òótọ́ fún mi ni. Ohun tí ojú Ẹ̀gbọ́n mi rí, n ò lè fara dà á."

Akunlé di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fọhùn. Bí ó bá sọ, yóò pàdánù rẹ̀. Bí kò bá sọ, ṣé kì í ṣe òun náà ni ọkọ Ẹ̀gbọ́n kejì? Nínú ẹgbẹ́, Sùúrù kọ ọ́ sí i pé, "Sọ fún un." Ó fèsì pé, "Lọ́la." Sùúrù ní, "O sọ bẹ́ẹ̀ lánàá."

Àbúrò bàbá Àbíkẹ́yìn ló ṣe alárinà. Àǹtí Oníbàtà ni wọ́n ń pè é, torí bàtà ló ń tà. Ó wá bá akunlé nílé, ó ní, "Mo ti fi ọ̀rọ̀ rẹ tó ẹ̀gbọ́n mi létí. Bàbá fẹ́ rí ọ lọ́jọ́ Sátidé. Fá irùngbọ̀n rẹ, kí o sì wá mú bàtà kan lọ́dọ̀ mi. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ yẹn ti ń rẹ́rìn-ín."

Ọjọ́ Sátidé pé. Bàbá Oníbúrẹ́dì jókòó sórí àga, Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà kì í rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì mú bí ojú agbẹjọ́rò.

"Kí ló dé tí o ń làágùn?" ni Ẹ̀gbọ́n bi í. "Ilé yìí kò gbóná."

"Ìtìjú ni, mà."

"Ìtìjú dáa," ni Bàbá wí. "Ọmọ, Àǹtí ti sọ fún mi pé àwọn òbí rẹ ti kú, pé o ò sì ya ọ̀lẹ. Ìyẹn tó mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Ṣé àìsàn kan wà nílé yín, yálà lára rẹ tàbí lára ẹbí rẹ, tó yẹ ká mọ̀?"

Akunlé wo ọ̀dọ̀ Àbíkẹ́yìn. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, bí ẹni tó ti mọ èsì.

"Rárá, sà," ni akunlé wí.

Wọ́n fi ìgbéyàwó sí oṣù mẹ́ta. Inú gbogbo ilé dùn. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀rù tó ti ń dín kù tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú. Ó ń bá a lórí àkàbà, ó ń bá a níbi tó ti ń wẹ̀. Bí Àbíkẹ́yìn bá pè é lórí fóònù, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já, á rò pé wọ́n ti mọ̀ ni.

Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ìgbéyàwó pé. Akunlé jókòó sórí garawa ọ̀dà níbi iṣẹ́, ó ń jẹun ọ̀sán, ni fóònù rẹ̀ bá dún. Ẹni tuntun kan nínú ẹgbẹ́, tó pe ara rẹ̀ ní Ìyá Méjì, kọ ọ́ pé, "Ó dé."

"Mo jókòó," ni akunlé dáhùn. "Kí lẹ ń rí?"

"N ò rí nǹkan kan. Mo ń kú lọ ni."

"Ẹ wo iwájú yín. Ohun kan ṣoṣo."

"Páànù."

"Mélòó ni?"

"Méjìlá. Ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ mi. Ògiri aláwọ̀ ewé. Ìlà funfun kan gba òkè rẹ̀ kọjá."

Akunlé gbé oúnjẹ sílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́: "Ìlà náà, báwo ló ṣe rí?"

"Ó wọ́ níbì kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó. Àbúrò mi máa ń fi akunlé tó fà á ṣe yẹ̀yẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ni. Ẹ̀gbọ́n tí ojú rẹ̀ mú bí ojú agbẹjọ́rò. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí akunlé lọ́kàn ni kó pa fóònù, kó sá. Bí obìnrin yìí bá mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀, ìgbéyàwó ti fọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti sọ pé òun jókòó, kò sì lè dìde. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi wà níbẹ̀. Ó ní kó ka ẹsẹ̀ tábìlì, ó ní kó sọ bí ilẹ̀ ṣe tutù sí lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Láàárín rẹ̀ ni Ìyá Méjì ń kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé. Bí bàbá mi bá gbọ́, ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́. Àbúrò mi sì fẹ́ ṣègbéyàwó, n ò fẹ́ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mi lé ọkọ rẹ̀ sá."

Nígbà tó yá, ó kọ ọ́ pé, "Ó ti lọ. Ẹ ṣeun. Láti ọdún méjì, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jókòó tì mí."

Akunlé bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí ọ̀dà ti bò. Lẹ́yìn náà, ó bi Sùúrù léèrè pé bí èèyàn bá dá ẹnìkan mọ̀ nínú ẹgbẹ́ ńkọ́. Èsì Sùúrù kò gùn: "Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn kì í ṣe tìrẹ láti sọ. Tìrẹ ni kí o lọ sọ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gbọ̀nà ilé búrẹ́dì. Bàbá jókòó sórí àpótí, Ẹ̀gbọ́n ń nu páànù, Àbíkẹ́yìn ń gé ìyẹ̀fun, Àǹtí Oníbàtà sì wá ra búrẹ́dì tirẹ̀. Ó yẹ kó pe Àbíkẹ́yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kọ́kọ́ sọ fún un. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé bí òun bá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, "lọ́la" lòun yóò tún sọ. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, ó sì jẹ ìyà rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun. Ìbéèrè tí ẹ bi mí lọ́jọ́sí, irọ́ ni mo fi dá yín lóhùn."

"Irọ́ wo?"

"Àìsàn wà lára mi. Ìpayà ni. Ó máa ń dé lójijì, àyà mi á máa já, èémí mi á máa gé. Dókítà ń tọ́jú mi, mo ń lo oògùn. Àwọn kan tún wà lórí fóònù tí irú rẹ̀ ń ṣe, a jọ máa ń ran ara wa lọ́wọ́. Ara mi ti yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Àbíkẹ́yìn. "Àwọn ará ibi iṣẹ́," ni ó wí jẹ́jẹ́. "O ní àwọn ará ibi iṣẹ́ ni."

"Mo parọ́."

"Mo jókòó síta níbẹ̀ yẹn, mo sọ ohun tí ojú Ẹ̀gbọ́n mi rí fún ọ. O di ọwọ́ mi mú, o sì dákẹ́. Kì í ṣe Bàbá lo parọ́ fún. Èmi ni."

Bàbá dìde. Kò pariwo, ìyẹn ló tilẹ̀ burú jù. "Ọmọ," ni ó wí, "ilẹ̀kùn nìyẹn."

Akunlé yíjú padà. Ilẹ̀kùn náà kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀. Ẹ̀rù dé, irú èyí tí kò rí rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó ṣubú jókòó ti àpò ìyẹ̀fun. Fóònù rẹ̀ wà nínú báàgì níta. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde: "Ó dé."

"Ta ló dé?" ni Àǹtí Oníbàtà ń bi wọ́n, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹ gbé omi wá. Ọmọ yìí, fọkàn balẹ̀. Mo ní kí o fọkàn balẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ti ju àkísà sílẹ̀. Ó dúró lójú kan, ojú rẹ̀ yí padà. Akunlé rí i, ó mọ ohun tó ń rò, ó mi orí sí i pé kó má ṣe é. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti bàjẹ́, kí ló dé tí tẹlòmíràn yóò tún bà jẹ́? Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n rìn wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìyẹ̀fun, èjìká rẹ̀ kan èjìká akunlé.

"Mo jókòó," ni ó wí. "Kí lo ń rí?"

"Bàtà," ni akunlé wí, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. "Bàtà Bàbá."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ìyẹ̀fun wà lórí rẹ̀. Okùn ti ọ̀tún ti tú."

Bàbá wo bàtà ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń béèrè, akunlé ń dáhùn, ó pẹ́ kí akunlé tó lè sọ pé ó ti lọ.

"Níbo lo ti kọ́ ìyẹn?" ni Bàbá bi ọmọ rẹ̀.

"Ibi tí òun náà ti kọ́ ọ ni, Bàbá."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún méjì ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ẹgbẹ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ni. Kí n tó mọ̀ wọ́n, ẹ̀yìn ààrò ni mo máa ń sá sí."

"Nínú ilé yìí?"

"Nínú ilé yìí, Bàbá."

Bàbá wá ibi jókòó sí, kò tètè rí i. Àbíkẹ́yìn tú épíròónì rẹ̀, ó gbé e ka orí tábìlì, ó sì jáde láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá tí akunlé kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pe Àbíkẹ́yìn, kò gbé e. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, oúnjẹ kò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Àwọn ará ẹgbẹ́ ló ń pín ọjọ́ náà láàárín ara wọn fún un: awakọ̀ láàárọ̀, tíṣà nígbà tí àwọn ọmọ bá lọ ṣeré, Sùúrù ní ìrọ̀lẹ́. "Bó bá ní òun ò ṣe mọ́ ńkọ́?" ni ó bi Sùúrù. Sùúrù ní, "Yóò dùn ọ́ gan-an. A ó jókòó."

Ní ọjọ́ kẹwàá, Àǹtí Oníbàtà kanlẹ̀kùn. Kò bá a ṣàwàdà. Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó wá jẹ́ iṣẹ́ tó wúwo.

"Bàbá rán mi sí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé àìsàn wà nílé tiwa. Ọmọ rẹ̀ àgbà ni. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún méjì, a ò mọ̀, torí ó ń bẹ̀rù wa. Bàbá fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ Ajé. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ òun gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó fẹ́ ẹ. Bí o ò bá wá fẹ́ mọ́, òun ò ní bínú."

Akunlé wò ó títí. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ wá ń sọ ìyẹn fún mi?"

"Òun ló ní kí n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ò sí lẹ́nu tèmi."

"Àbíkẹ́yìn ńkọ́?"

"Ó wà níta. Ó ní òun ò ní wọlé kí o tó fèsì."

Ó jáde. Àbíkẹ́yìn fara ti ògiri ìta, ó ti ká ọwọ́ mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn. Ó ti rù.

"Kí lo sọ fún Àǹtí?" ni ó bi í.

"N ò tíì sọ nǹkan kan."

"Ẹ̀rù ń bà mí pé wàá ní rárá. Ìyà náà tọ́ sí mi, àbí? Gbogbo bí a ṣe ń tú ilé onílé wò." Ó nu ojú rẹ̀. "Sọ fún mi. Má fi nǹkan kan pamọ́."

"Mo fẹ́ ọ. Àìsàn wà lára mi. Mo ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò tún dé. Ó lè dé lójú gbogbo èèyàn, ó lè dé nígbà tí a bá ti bímọ. Ẹ̀rù ń bà mí lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí."

Akunlé ń dúró de èsì rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

"Inú ṣì ń bí mi sí ọ," ni Àbíkẹ́yìn wí.

"Mo mọ̀."

"O ò mọ̀. Yóò ṣì máa bí mi lẹ́yìn ìgbéyàwó."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé akunlé pé "lẹ́yìn ìgbéyàwó" ló sọ.